Mo jẹ́ alábòójútó lórí àwọn tó dàgbà jù mí lọ: báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo ẹ̀mí wọn níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́?

Àjàní Mókọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 17. Oṣù méjì sẹ́yìn ni agbaṣẹ́ṣe tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fi mí ṣe alábòójútó lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan. Òṣìṣẹ́ 23 ló wà lábẹ́ mi: bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń tẹ irin, àti àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré. Mẹ́jọ nínú wọn ló dàgbà jù mí lọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà sì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ohun tó mú mi wá síbí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọ̀gá mi yìí wà lókè lórí sìkáfóòdù, ìyẹn ọparun àti pákó tí a dè pọ̀ láti dúró lé ṣiṣẹ́ lókè, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, èmi wà nísàlẹ̀. Mo rí i pé pákó tí wọ́n dúró lé kò gùn tó: orí rẹ̀ kan fi ìwọ̀n ìka méjì péré kọjá ọparun tó gbé e ró, bí wọ́n sì ti ń sún ẹsẹ̀ ni pákó náà ń fà díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Báwo ni ẹni tó kọ́ mi bí a ti ń di tírówẹ́ẹ̀lì mú yóò ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́, pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀? Mo kàn ní, “Bàbá, ẹ rọra o.” Wọ́n dáhùn pé Ọlọ́run ń bẹ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí pákó yọ. Bàbá rí ọparun dì mú, wọn kò jábọ́, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tó wà lórí pákó já lu ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ru kọnkéré kọjá nísàlẹ̀, ó sì fọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì.

Láti ọjọ́ náà n kò sùn dáadáa, nítorí pé mo rí ewu náà kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni ọmọdé ṣe ń dá àgbà dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìrí wọn fín? Kí ni ó yẹ kí ojú mi máa wò lójoojúmọ́? Kí ni ìpín tèmi nínú ọ̀rọ̀ ààbò yìí, kí sì ni ìpín agbaṣẹ́ṣe?

Bàbá Onísáìtì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, o kú ìdààmú ọkàn. Ọdún 38 ni mo fi ṣe fóòmánù kí orúnkún tó ní kí n jókòó sílé, ohun tó ṣe ọ́ yìí sì ti ṣe mí rí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí ọ̀gá rẹ ni n óò kọ́kọ́ mú. “Ẹ rọra” kì í ṣe àṣẹ. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń gun àkàsọ̀, a sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná, kò sì sí ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ gbọ́ ọ bí ìkíni, wọ́n sì dá ọ lóhùn bí ẹni tí a kí. Bí o bá rí i pé pákó ń fà, ohun tí ó yẹ kí ó jáde lẹ́nu rẹ ni, “Bàbá, pákó ẹsẹ̀ yín ń yọ, ẹ sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí.” Dárúkọ ewu náà, kí o sì dárúkọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe. Dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe é. Bí wọ́n bá bínú, dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ wọn bá ti tẹ ilẹ̀.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbi iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí irun rẹ̀ funfun jù ni àgbà ọjà náà bí kò ṣe ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Orí tó sì ń wọ́ níbẹ̀ lè jẹ́ orí bàbá arúgbó.

Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ó máa di ọ̀rọ̀ ìta ní gbogbo ìgbà. Lọ bá ọ̀gá rẹ nílé lálẹ́, kí o jókòó sísàlẹ̀, kí o sì sọ fún wọn pé ẹrù tí wọ́n gbé lé ọ wúwo, o fẹ́ kí wọ́n bá ọ gbé e. Fi ìdí sìkáfóòdù lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú rẹ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gùn ún títí wọn yóò fi fọwọ́ sí i. Àgbà tí o bá fún ní iṣẹ́ ìṣọ́ kì í ba ìṣọ́ náà jẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú káfíńtà kan tó le bí ojú ẹja, òun gan-an ló padà wá ń bá àwọn ọmọ tó gun pákó láìtíì yẹ̀ ẹ́ wò jà.

Ní ti ohun tí ojú rẹ yóò máa wò, dé ibi iṣẹ́ kí àwọn yòókù tó dé, kí o sì fi ọwọ́ rẹ kan nǹkan, má fi ojú nìkan wò ó. Mi ọparun kọ̀ọ̀kan. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá orí ilẹ̀ tó rọ̀ ló dúró lé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ pákó gbòòrò sí abẹ́ rẹ̀. Wo ìdè rẹ̀, nítorí okùn tí òjò ti pa tí oòrùn sì ti gbẹ a máa tú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wo orí pákó méjèèjì, kí ó kọjá ọparun dáadáa, kí a sì so ó mọ́lẹ̀. Pákó tó ti là, sọ ọ́ nù; má kó o sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú yóò padà lọ mú un.

Ohun kan tí n kò lè gbàgbé ni ti àwọn igi tí a fi ń gbé dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí a dà ṣe ilẹ̀ òkè, ró. Onílé kan fẹ́ kó igi náà lọ sí ilé mìíràn tó ń kọ́, ó ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́. Kọnkéré máa ń tó ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó dé ibi tí ẹnjinníà fi ṣírò rẹ̀, èmi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo yọ igi ní ọjọ́ kẹsàn-án. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni dẹ́kìn náà sẹ̀ láàárín, tó sì ya lulẹ̀ ní apá kan. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ olóúnjẹ. Abọ́ ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ru kọnkéré fún ọdún 11, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin tí búlọ́ọ̀kù já lù, nítorí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òkè ti gbàgbé ìsàlẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀nà àwọn aláru fi gba abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù? Ẹ fi okùn dí abẹ́ sìkáfóòdù, kí ẹ sì la ọ̀nà mìíràn fún àwọn tó ń ru ẹrù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà yóò gùn jù. Bí ọ̀nà bá gùn tí owó wa sì jẹ́ iye ìgbà tí a lọ tí a bọ̀, a óò gba ọ̀nà àbùjá láìka ohunkóhun sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sanwó wà nínú ọ̀rọ̀ ààbò.

Èkejì ni ohùn yín. Mo tẹ ìṣó nígbà kan lára pákó tí wọ́n tú sílẹ̀ láìyọ ìṣó rẹ̀. Fóòmánù wa nígbà náà máa ń pariwo mọ́ ẹni tó bá farapa pé olójú líle ni, tàbí pé ó ń wá owó, nítorí náà mo wé aṣọ mọ́ ẹsẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta ni ẹsẹ̀ náà wú dé orúnkún. N kò sọ, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹlòmíràn ni yóò di àwo mi mú ní ọjọ́ kejì. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ń fi pa mọ́ fún yín, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wọn. Ẹ fi ọmọ kan sídìí ìṣó yíyọ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń tú pákó, kí iṣẹ́ rẹ̀ má ju ìyẹn lọ.

Àrẹ̀mú, Houston

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ kòtò gbígbẹ́ ni mo ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, mo sì fẹ́ fi kún un, nítorí ilé alájà mẹ́ta kò lè ṣàìní kòtò ìpìlẹ̀ tàbí ti sókàwéè. Yẹ̀pẹ̀ tí yóò kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀ àti mítà kan ní jíjìn wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá ya lu ènìyàn dé àyà, kò ní lè mí, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ wà níta.

Òfin OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa, ni pé kòtò tó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, a gbọ́dọ̀ fi igi tàbí irin gbé ògiri rẹ̀ ró, tàbí kí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé inú àpáta líle ni a gbẹ́ ẹ sí. Yẹ̀pẹ̀ tí a kó jáde gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí kòtò ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Bí kòtò bá sì ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, àkàsọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rìn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ kí ó tó kàn án. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì ní àṣẹ láti dá a dúró, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, àti lẹ́yìn òjò. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ “tó ní àṣẹ” yẹn. Ẹni tó mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dá a dúró, òfin kò kà á sí alábòójútó.

Káfíńtà Agége

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kọ́ ni a wà. Bí Àjàní bá dá iṣẹ́ dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì, agbaṣẹ́ṣe yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó bá sì rọ́pò rẹ̀ kò ní bi pákó léèrè.

Bàbá Onísáìtì, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni o sọ, n kò ní jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí alábòójútó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá béèrè okùn, akoto tàbí pákó tuntun lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, má fi ẹnu lásán béèrè. Fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pẹ̀lú àwòrán pákó tó là, kí ọjọ́ àti àkókò wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń kọ etí dídi sí ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ti rí tó sáré ra nǹkan nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ìwé. Bí kò bá sì rà á, má gbé ènìyàn gun pákó náà. Wá iṣẹ́ ilẹ̀ fún wọn ṣe.

Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, Èkó, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ènìyàn tó ju 40 lọ ló kú síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa. Àwọn ẹnjinníà kan ti kọ̀wé yọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà ní ọdún 2020, ìwé wọn sì jáde sójú ayé lẹ́yìn tí ilé wó. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Èmi yóò yan ipò wọn ju ipò ẹni tó dúró lọ.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé àwọn ènìyàn yín wá. Ohun méjì ni mo ní láti sọ.

Àkọ́kọ́ ni sìmẹ́ǹtì tútù. Ó máa ń jó ara, kì í sì í dunni lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹni tó kúnlẹ̀ sínú kọnkéré tàbí tí kọnkéré wọ inú bàtà rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó mọ̀ pé awọ ẹsẹ̀ òun ti ń bó. Alábòójútó tó bá rí ẹni tí kọnkéré wọ bàtà rẹ̀, kí ó ní kí ó bọ́ ọ kíákíá, kí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ omi mímọ́ ṣàn án. Kí omi yìí máa wà nílẹ̀, yàtọ̀ sí omi tí ẹ fi ń po sìmẹ́ǹtì.

Èkejì ló ń pa ènìyàn jù lójú tèmi: kànga àti kòtò sókàwéè àtijọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè má ṣeé mí. Bí ẹ bá sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù, sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ tàbí sí etí rẹ̀, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀ yóò kún inú rẹ̀. Àtùpà tí àwọn kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi dán an wò kò lè fi èéfín yìí hàn yín. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkùnrin méjì wá láti inú kànga kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ dákú, àbúrò rẹ̀ sì fò wọlé láti lọ gbé e. Bàbá wọn ló di ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì mú nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alábòójútó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé okùn àti bẹ́líìtì ti wà lára rẹ̀, tí àwọn tó lágbára láti fà á sókè sì dúró lókè. Bí ó bá dákú, ẹ fà á. Bí okùn kò bá sí lára rẹ̀, iṣẹ́ tó le jù tí ẹ óò ṣe láyé yín ni kí ẹ di ẹni kejì mú kí ó má wọlé, bí ó tilẹ̀ ń sunkún, bí ó tilẹ̀ ń gé yín jẹ, títí àwọn panápaná yóò fi dé.

Agbẹjọ́rò Òṣogbo

Ọ̀gbẹ́ni Àjàní, ẹ béèrè nípa ìpín yín àti ìpín agbaṣẹ́ṣe. Ó wà nínú Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ríra ohun èlò àti sísan owó yìí, ìpín agbaṣẹ́ṣe ni. Wíwò, sísọ àti dídá iṣẹ́ dúró, ìpín yín ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí. Òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ tó farapa fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, ó sì dárúkọ alábòójútó mọ́ àwọn tí a lè fi tó létí. Ìyẹn ni pé bí ọmọbìnrin náà bá ti sọ fún yín, ó ti sọ fún agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Ọjọ́ Ẹtì ni ó farapa, ọjọ́ Ajé ni òní, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àkókò, ibi tó dúró sí, ohun tó já lù ú àti orúkọ àwọn tó rí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọdún kan láti béèrè owó náà, ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù ni ó máa ń gbà á là.

Àjàní Mókọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí n tó padà wá, kí n lè ní ohun tí n óò sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo kọ ìwé ọmọbìnrin náà tán, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ fún ìyá ọmọ náà nílé. Agbaṣẹ́ṣe bínú lórí fóònù, ó béèrè pé ta ló ń kọ́ mi. Mo ní òfin ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó rán akọ̀wé rẹ̀ wá láti wá gba orúkọ àwọn tó rí i.

Láti ilé ìyá ọmọ náà ni mo ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo jókòó sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Onísáìtì ti wí. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró, wọ́n ní láti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ti ń rí ẹsẹ̀ ọmọ náà lójú oorun. Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn kò mọ̀ pé pákó ń fà? Àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n ìlà búlọ́ọ̀kù méjì péré ló kù kí àwọn parí ògiri náà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni a jọ dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ń fi ìdí tírówẹ́ẹ̀lì lu ọparun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ìkòkò. Mẹ́rin nínú wọn ni wọ́n ní ìró rẹ̀ ti kú, a sì yọ wọ́n. A ti fi okùn dí abẹ́ sìkáfóòdù, àwọn obìnrin sì ń gba ẹ̀yìn ilé. Mo ti sọ fún wọn pé iye ọjọ́ ni a óò máa fi san owó wọn títí a óò fi parí ògiri ti òkè, agbaṣẹ́ṣe kò tíì fọwọ́ sí èyí, a ṣì ń fà á.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni a óò bẹ̀rẹ̀ kòtò sókàwéè. Mo ti ra okùn àti bẹ́líìtì kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì máa ń mú omi lẹ́yìn òjò. Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí èyí, ẹ ṣàlàyé fún mi bí a ṣe ń fi pákó àti igi gbé ògiri kòtò ró nígbà tí kò bá sí irin, àti ìwọ̀n àlàfo tó yẹ kí ó wà láàárín igi kan sí ìkejì.